Àwọn Tó Gbé Pompeii Rù

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Napoli lọ sí Pompeii kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́lá. Circumvesuviana ni wọ́n ń pè é. Ó ti gbó, àwọn ọ̀dọ́ ti fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sí i lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, èrò inú rẹ̀ sì máa ń fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí oníkálukú fi ń di àpò rẹ̀ mú gírígírí. Piazza Garibaldi ni mo ti wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ Áfíríkà kì í wọ́n ní àdúgbò náà: ará Sẹ̀nẹ̀gà wà níbẹ̀, ará Gánà wà níbẹ̀, àwọn tiwa náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti báàgì gbọ́ Yorùbá tí mò ń sọ lórí fóònù, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ wá wọ bàálù láti ilé nítorí àtiwo òkú?" Ó ti pẹ́ ní Napoli, kò sì dé ibẹ̀ rí. Ọjà ló ń tà.

Mi ò bá a jiyàn, nítorí òkú ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Pompeii. Bẹ́ẹ̀, ìlú tó ti wà fún ohun tó lé ní 600 ọdún ni, ìgbà tí òkè ayọnáyèéfín sì fi pa á kò ju ọjọ́ méjì lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń pọn omi, ẹni tó ń yan búrẹ́dì, ẹni tó ń fọ aṣọ, àti ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà, apá òsì ni òkè Vesuvius wà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 1,281 mítà. Ewéko bò ó, ọgbà àjàrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé sì tún gùn ún ju ọgbà lọ. Oṣù kẹta ọdún 1944 ló bú kẹ́yìn. Ìjọba Ítálì ti pa ààlà yí i ká, wọ́n ń pe inú rẹ̀ ní agbègbè pupa, nǹkan bí 700,000 ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀ lónìí. Bí òkè náà bá tún fẹ́ bú, wákàtí 72 ni ètò wọn fi sílẹ̀ láti kó gbogbo wọn kúrò. Àwọn tó jókòó tì mí kò wo òkè náà lẹ́ẹ̀kan. Fóònù wọn ni wọ́n ń wò.

Ẹnubodè Porta Marina ni mo gbà wọlé. Ìgbà kan wà tí òkun wà nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí òkè bì jáde ti ilẹ̀ síwájú, òkun sì ti jìnnà. Ìlú náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 66. Láti ọdún 1748 ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n sì tíì hú jáde. Odidi ìlú ni, pẹ̀lú títì, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwẹ̀, ilé ìṣeré, ilé aṣẹ́wó àti ibojì. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 11,000 ènìyàn ló ń gbé inú rẹ̀ kí òkè tó bú.

Kí o tó gbé ojú sókè wo ilé, wo títì ná. Òkúta dúdú ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, òkúta tí òkè ayọnáyèéfín ti bì jáde láyé ọjọ́un, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀. Ipa kẹ̀kẹ́ ẹrù ti wọ inú òkúta náà ṣinṣin. Ara ipa yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi mọ̀ pé àwọn òpópónà kan wà tó jẹ́ pé àlọ nìkan ni kẹ̀kẹ́ lè gbà, kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ bọ̀. Ní ìdábùú títì, òkúta gíga méjì tàbí mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn. Orí wọn ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kan ìdọ̀tí, nítorí ojú títì ni omi ìdọ̀tí ilé àti ìgbẹ́ ẹran ń ṣàn gbà. Wọ́n wọn àlàfo àárín òkúta náà kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè bọ́ sí i. Ẹni tó bá ka ìwé nípa ọlá Róòmù lè gbàgbé pé ìlú rẹ̀ ń rùn. Ojú títì Pompeii kò ní jẹ́ kó gbàgbé.

Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti orí òkè tó jìnnà ni wọ́n ti fa omi wá sí ẹnubodè Vesuvius, ibi tó ga jù ní ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín in sínú páìpù òjé: ti ilé ìwẹ̀, ti ilé olówó, ti agbada ìgboro. Agbada ìgboro tó nǹkan bí 40 káàkiri ìlú. Mo dúró ti ọ̀kan ní ojú títì Via dell'Abbondanza, mo fi ọwọ́ pa etí rẹ̀. Òkúta náà ti di kòtò ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń tú. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn tó ń fara tì í pọn omi ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Olówó ní omi nínú ilé tirẹ̀. Ẹni tó ń wá pọn ọn níbí, aláìní ni tàbí ẹrú. Mi ò rí ère kan ní gbogbo Pompeii tó wú mi lórí tó etí agbada wọ̀nyẹn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ni kò ní ibi ìdáná, ìta ni wọ́n ti ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí ilé oúnjẹ fi kún ojú títì. Káńtà tí wọ́n mọ ni, wọ́n tẹ́ mábù wẹ́wẹ́ sí ojú rẹ̀, wọ́n sì ri ìkòkò ńláńlá mọ́ inú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu wọn nìkan ló yọ. Olóúnjẹ wà lẹ́yìn káńtà, oníbàárà wà ní títì. Ẹni tó bá ti tò síwájú olóúnjẹ ní Mọ́kọ́lá rí kò nílò amọ̀nà tí yóò ṣàlàyé fún un. Nínú ìkòkò ọ̀kan lára wọn, tí orúkọ olówó rẹ̀ ń jẹ́ Vetutius Placidus, wọ́n bá owó ẹyọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400. Ojúbọ ilé wà lára ògiri ẹ̀yìn: Mercury, òrìṣà ọjà, wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Dionysus, òrìṣà ọtí, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ejò méjì sì ń wọ́ nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà mọ àwọn tó yẹ kí òun bọ. Ìta náà kò ṣàìní ojúbọ; ní oríta lẹ́yìn oríta ni wọ́n mọ pẹpẹ kéékèèké sí.

Èyí tí wọ́n hú tán ní ọdún 2020 ní apá àríwá ìlú ló dùn ún wò jù. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì ṣá. Wọ́n ya àkùkọ kan sí ojú káńtà, pẹ́pẹ́yẹ méjì tí wọ́n so kọ́, àti ajá kan tí ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. Egungun pẹ́pẹ́yẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti ẹja ni wọ́n bá nínú àwọn ìkòkò náà, ìgbín náà wà níbẹ̀. Nínú ìkòkò wáìnì, ẹ̀wà lílọ̀ ló wà nísàlẹ̀; wọ́n máa ń fi í sọ àwọ̀ wáìnì di funfun. Ẹnì kan wá fi irin họ èébú sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ajá yẹn, ó fi ń bú ẹnì kan tó ń jẹ́ Nicia. Mi ò ní tú u sí Yorùbá níbí, nítorí àwọn ọmọdé lè ka ìwé yìí.

Ní ti búrẹ́dì, mo ní láti dúró díẹ̀. Ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti hú jáde lé ní 30. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ti Modestus, búrẹ́dì 81 ni wọ́n bá nínú ààrò, gbogbo wọn ti di èédú. Róbótó ni búrẹ́dì wọn, wọ́n ti la ojú rẹ̀ sí mẹ́jọ kó lè rọrùn láti bù. Ọlọ wọn wà níta ààrò, òkúta méjì gìrìwò, ìkejì dé orí ìkíní, igi gba ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n fi aṣọ dì lójú ni yóò sì máa yí i po láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Wọ́n ń ya fọ́tò ààrò, wọ́n ń sọ pé ó dà bí ti oní-pízà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, wọ́n hú ilé búrẹ́dì mìíràn jáde ní apá tí wọ́n ń pè ní Regio IX. Kò sí ẹnu-ọ̀nà kankan tó já sí títì. Ẹyọ kan tó ní, inú ilé olówó rẹ̀ ló já sí. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ó wà lókè téńté, irin sì dí i. Wọ́n gbẹ́ ojú ilẹ̀ rẹ̀ ní ìlà yíká ọlọ kí ẹsẹ̀ ẹranko má bàa yọ̀, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tó ń yí nítòsí ara wọn má sì kọlu ara wọn. Inú ibẹ̀ ni àwọn ẹrú àti àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹ̀wọ̀n ni. Búrẹ́dì tí gbogbo ìlú ń jẹ, irú ibẹ̀ ló ti ń jáde.

Ilé alágbàfọ̀ Stephanus náà wà ní Via dell'Abbondanza, pẹ̀lú agbada ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ. Ìtọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun àwọn ọlọ́lá, ìtọ̀ ènìyàn àti ti ẹran, nítorí ó máa ń yọ ọ̀rá. Vespasian ọba Róòmù bu owó-orí lé ìtọ̀; ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 79, oṣù díẹ̀ kí òkè tó bú. Àkọsílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹni tó ń tẹ aṣọ nínú agbada náà. Ẹni tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni Eumachia, àlùfáà obìnrin tó lówó, tó kọ́ ilé gàgàrà kan sí ẹ̀gbẹ́ Forum, ojúde ìlú wọn. Àwọn alágbàfọ̀ ló gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá ro ọ́, wá ògiri kan tó ní ìwé pupa lára kí o jókòó sí iwájú rẹ̀. Ọdọọdún ni Pompeii ń dìbò. Alákòóso àgbà méjì ni wọ́n ń yàn, wọ́n sì tún ń yan méjì mìíràn tí wọ́n ń pè ní aedile, tí títì, ọjà àti ilé ìwẹ̀ wà níkàáwọ́ wọn. Ìwé ìpolongo ìdìbò tí wọ́n ti rí lára ògiri lé ní 2,500. Àwọn akọ̀wé ògiri tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń háyà. Òru ni wọ́n ń jáde, wọ́n á fi ẹfun nu ti àná rẹ́, wọ́n á kọ ti tuntun. Ọ̀kan nínú wọn, Aemilius Celer, tilẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní òun nìkan lòun kọ ọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì ní ẹni tí wọ́n ń ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbàfọ̀, àwọn tó ń da ìbaaka, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn tó ń ta èso. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Vatia, tó fẹ́ jẹ aedile. Ohun tí wọ́n kọ sí ògiri fún un ni pé gbogbo àwọn tó ń mutí di ọ̀gànjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ògiri mìíràn, àwọn olè kéékèèké ni wọ́n ní ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò dájú pé Vatia ló san owó iṣẹ́ yẹn.

Ní ilé oúnjẹ Asellina, orúkọ àwọn obìnrin wà lára ògiri ìta: Aegle, Zmyrina, Maria. Ṣé wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìdìbò? Wọn ò ní in. Síbẹ̀ wọ́n sọ ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ń kọjá kà á. Àwọn kan ní òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ náà ni wọ́n, orúkọ wọn sì jọ orúkọ àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Mo dúró níwájú orúkọ wọ̀nyẹn pẹ́ ju bí mo ṣe dúró nínú Ilé Faun lọ, ilé tó tóbi tó 3,000 mítà onígun mẹ́rin, tí gbogbo ìwé ń yìn.

Ibi tí owó wà la ó ti mọ ìlú. Ní ọdún 1875, nínú ilé Caecilius Iucundus, onígbàǹjo àti ayánilówó, wọ́n bá àpótí kan tó kún fún pátákó kéékèèké tí wọ́n fi ìda bò, tó lé ní 150. Rísíìtì ni. Ó ń bá àwọn ènìyàn ta ọjà ní gbàǹjo, yóò yọ tirẹ̀, yóò san ìyókù, ẹlẹ́rìí yóò sì fi èdìdì lù ú. Lára wọn, ìbaaka kan wà tí wọ́n tà ní sesterces 520. Ẹrú kan náà wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Trophimus: 6,252 ni wọ́n ta òun. Ẹlẹ́rìí pé, èdìdì pé, kò sí èrú nínú rẹ̀. Òwò tó mọ́ kedere ni wọ́n fi Trophimus ṣe.

Ṣùgbọ́n òfin Róòmù ní ihò kan tí ẹrú lè gbà jáde. Olówó rẹ̀ lè dá a sílẹ̀, òun náà lè fi owó tó ń rí kó jọ ra ara rẹ̀, ó sì lè di ọlọ́rọ̀. Ilé àwọn Vettii tí wọ́n tún ṣí sílẹ̀ ní ọdún 2023 jẹ́rìí sí i. Aulus Vettius Conviva àti Aulus Vettius Restitutus ti jẹ́ ẹrú rí; ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí fi hàn pé òwò wáìnì wà lára ohun tó sọ wọ́n di olówó. Lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ya Priapus tó gbé ẹ̀yà ara ọkùnrin rẹ̀ gàgàrà lé ìwọ̀n, àpò owó sì wà ní apá kejì ìwọ̀n náà. Àwọn àlejò ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ààbò ni, lójú tèmi: ẹni tó bá fẹ́ fi ojú burúkú wo ọrọ̀ tí ẹrú àná kó jọ, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Àwòrán inú ilé náà dára dé góńgó, wọ́n ya àwọn ọmọ kéékèèké abìyẹ́ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, tí wọ́n ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń ta wáìnì. Iṣẹ́ tí ẹrú ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe nígboro, níbí eré ọmọdé ni wọ́n yà á sí. Lẹ́bàá yàrá ìdáná sì ni yàrá kékeré wà fún ẹrúbìnrin tí àwọn náà ń fi ṣòwò.

Ohun kan wà tí owó kò lè ra fún ẹni tó ti ṣẹrú: ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Numerius Popidius Ampliatus mọ èyí. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 62 wó tẹ́ḿpìlì Isis, òrìṣà obìnrin tí wọ́n mú wá láti Íjíbítì, Ampliatus ló náwó tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀, Celsinus, ló gbẹ́ sí ara òkúta iwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Celsinus. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn òmìnira ni, òfin kò sì dí i lọ́wọ́. Òkúta náà sọ ọ́ kedere pé nítorí oore yìí ni ìgbìmọ̀ ìlú fi gbà á sáàárín ara wọn láìgba owó kankan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ampliatus mọ ọwọ́ tó yẹ kó lò. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní Pompeii, ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n káàánú.

Nǹkan bí 700 mítà sí odi ìlú, ní Civita Giuliana, wọ́n hú yàrá kan jáde ní ọdún 2021 nínú ilé oko olówó kan. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà onígun mẹ́rin 16 lọ. Ibùsùn mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan kúrú bíi ti ọmọdé. Wọn ò kun ògiri rẹ̀. Ìkòkò mẹ́jọ wà ní igun, pẹ̀lú igi kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti àpótí ohun èlò ìjánu ẹṣin. Àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ló ń tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe.

Pápá ìjà Pompeii kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 70 ṣáájú ìbí Kristi, kò sì sí irú rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta kọ́ tó dàgbà jù ú lọ láàárín àwọn tó kù láyé. Ó gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Ní ọdún 59, àwọn ará Pompeii àti àwọn ará Nuceria tó wá wòran bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn, wọ́n sọ òkò, wọ́n yọ idà, ọ̀pọ̀ ará Nuceria sì kú. Ìjọba Róòmù fi òfin de eré ìjà níbẹ̀ fún ọdún 10. Ẹnì kan ní Pompeii ya àwòrán ìjà náà sí ara ògiri ilé rẹ̀, ó ń yangàn.

Ní ti ọjọ́ ibi náà, ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi ni. Ìwé ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé oṣù kẹjọ, ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 wọ́n rí ohun tí ẹnì kan fi èédú kọ sára ògiri ilé tí wọ́n ń tún ṣe, ọjọ́ tó sì kọ síbẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá. Èédú kì í pẹ́ parẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà báyìí pé òpin oṣù kẹwàá ni òkè náà bú. Pliny Kékeré, ọmọ ọdún 17 nígbà náà, wà ní òdìkejì òkun ní Misenum, ó sì rí ìkùukùu tó gòkè bí igi páínì tó la ẹ̀ka. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó gbé ọkọ̀ láti lọ gba àwọn ènìyàn là, ó sì kú ní etíkun Stabiae. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni Pliny kọ lẹ́tà méjì nípa rẹ̀ sí Tacitus òpìtàn.

Ní Pompeii, òkúta wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́ ló kọ́kọ́ rọ̀ bí òjò fún nǹkan bí wákàtí 18, títí tó fi ga tó mítà mẹ́ta tí òrùlé ń já. Ẹni tó tètè sá là. Ẹni tó rò pé inú ilé sàn, tàbí tí kò ní àṣẹ láti kúrò nílé olówó rẹ̀, dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni eérú gbígbóná àti èéfín olóró ya wọ̀lú, kò sì sí ẹni tó bọ́. Òkú tí wọ́n tíì rí lé ní 1,100. Fi wé 11,000: àwọn tó sá là pọ̀, Titus ọba sì rán ènìyàn láti bójú tó wọn, ó ní kí wọ́n fi ohun ìní àwọn tó kú láìní àrólé ṣèrànwọ́. Nínú agbo ilé tí wọ́n ń pè ní ti Àwọn Olólùfẹ́ Mímọ́, àwọn ayàwòrán ń ṣiṣẹ́ lára ògiri lọ́wọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 62 ni ìlú ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ilé ìwẹ̀ ńlá tuntun kan kò tilẹ̀ tíì ṣí rárá.

Mo wá dé ibi tí èrò pọ̀ sí. Ní ọdún 1863, Giuseppe Fiorelli tó ń darí iṣẹ́ náà kíyè sí i pé ara tó jẹrà fi ihò sílẹ̀ nínú eérú tó ti le. Ó ní kí wọ́n da ohun kan náà tí a ń pè ní P.O.P. sínú ihò náà, kí wọ́n sì fọ́ eérú kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí nǹkan bí 100 ènìyàn nìyẹn, pẹ̀lú ìṣẹ́po aṣọ àti ìrísí ojú wọn. Mẹ́tàlá wà nínú ọgbà kan, àgbà àti ọmọdé, níbi tí wọ́n ṣubú sí. Ère kọ́ ni wọ́n. Egungun wọn wà nínú rẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin kan tó yí ẹ̀yìn sí wọn, tó ń ṣe ẹnu ṣùùtì sí fóònù rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń ya á. Mo rò ó dáadáa, mi ò sì rí ohun tó lè yí mi lọ́kàn padà: a kì í fi òkú ṣe ìran. Bí wọn ò bá lè sin wọ́n, kí wọ́n gbé wọn síbi tí a ó ti máa bọ́ fìlà wọlé.

Àwọn ìtàn tí wọ́n sì ti ń sọ nípa wọn tipẹ́, ọ̀pọ̀ ni àròsọ. Nínú Ilé Ẹ̀gbà Wúrà, àgbàlagbà kan wà tó wọ ẹ̀gbà, tí ọmọ kékeré wà lára rẹ̀. Ìyá àti ọmọ, ni gbogbo amọ̀nà ń wí. Ní ọdún 2024 ni àyẹ̀wò DNA jáde: ọkùnrin ni àgbàlagbà náà, kò sì bá ọmọ yẹn tan. Bóyá ẹrú ilé ló gbé ọmọ olówó rẹ̀ tó ń sá. Bóyá ẹni tó ń kọjá lọ ni.

Ercolano, ìlú mìíràn tí òkè náà bò mọ́lẹ̀, wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan náà. Kò tóbi tó Pompeii, eérú tó bò ó sì jìn tó 20 mítà, ìdí nìyẹn tí ìlú tòní fi wà lórí rẹ̀ tí ènìyàn ń sá aṣọ sí ojú fèrèsé, tí àwọn ilé àtijọ́ sì wà nísàlẹ̀ bí ẹni wà nínú kòtò. Ooru ibẹ̀ sọ igi di èédú láìjẹ́ kó jóná tán, nítorí náà ilẹ̀kùn wà, ibùsùn wà, ibùsùn ọmọ ọwọ́ pàápàá wà. Wọ́n kó ìgbẹ́ inú kòtò abẹ́ ilé kan tí àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe olówó, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń jẹ ẹja, ẹyin, ọ̀pọ̀tọ́, ólífì àti ohun inú òkun oríṣiríṣi. Inú mi dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní etíkun, nínú àwọn yàrá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí, egungun nǹkan bí 300 ènìyàn ni wọ́n bá. Ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ìlú yìí ni wọ́n ti rí àwọn ìwé kíká tó ti di èédú, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọ̀kan ní ọdún 2023 láìtú u. "Elése àlùkò" ni ọ̀rọ̀ náà.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí búrẹ́dì kan tó wà ní ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Napoli báyìí. Wọ́n tẹ èdìdì sí i kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò: Celer kan ló ni ín, ẹrú Quintus Granius Verus. Èrò kò sí níwájú rẹ̀. Wọ́n wà lọ́dọ̀ àwòrán ogun Alexander tó wá láti Ilé Faun.

Bí o bá ń lọ, ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, nítorí láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Pompeii kò ti gbà ju 20,000 ènìyàn lọ lójúmọ́, orúkọ rẹ sì gbọ́dọ̀ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà. Wọ bàtà tí kì í yọ̀. Mú ike omi lọ́wọ́, o lè bu omi sí i láti inú àwọn agbada ìgboro tó ṣì ń tú omi tó dára. Kọ́kọ́ lọ sí Ercolano kí ojú rẹ lè mọ bí ilé wọn ṣe rí, lẹ́yìn náà kí o wá lọ sí Pompeii, kí o sì jẹ́ kí ilé búrẹ́dì ṣáájú ilé Vettii. Tí amọ̀nà rẹ bá sọ orúkọ ẹni tó ni ilé fún ọ, bi í léèrè ẹni tó ń gbá a.